Orúkọ Ìyá Ọkọ Mi ní Ìlú Ọ́síríà

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín. Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ibi tí mo yà sí ní Ìgbó-Ọrà tí wọn ò ti bi mí léèrè yìnyín. Yìnyín ń bẹ, ó tutù, ó sì máa ń dọ̀tí lọ́jọ́ kejì tó bá bọ́. Ó tán. Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí ìtìjú rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè fi ẹnu sọ ọ́. Tíṣà ni mí kí n tó lọ, ọwọ́ mi sì máa ń yá ju ẹnu mi lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Mo ti yí orúkọ ọkọ mi padà níhìn-ín, àti orúkọ gbogbo àwọn ará ilé wọn ní Ẹ̀rúwà. Ẹni tó bá mọ̀ wá yóò ṣì mọ̀ wá. Kí onítọ̀hún jọ̀ọ́ fi í sínú, ìdí rẹ̀ á yé e tó bá kà á dópin.

Dídé

Ìdèrè ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé nígbà tí Gàníyù wálé wá fẹ́ mi. Ọmọ Ẹ̀rúwà ni, ó ti pẹ́ ní Ọ́síríà, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n so yìgì fún wa ní ilé bàbá mi, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi náà sì tẹ̀lé e nígbà tí ìwé mi jáde.

Bí mo ṣe rí i ní pápákọ̀ òfurufú báyìí, mo kúnlẹ̀ kí i. Kí ni ìyàwó tuntun ìbá tún ṣe? Obìnrin òyìnbó kan tó ń kọjá lọ rò pé mo ṣubú ni, ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá gbé mi dìde. Ó ń bi mí bóyá orúnkún ń dùn mí. Ọkọ mi ń sọ fún un pé kò séwu, ó sì ń sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Dìde, Ràfí, dìde, wọ́n ń wò wá." Ibẹ̀ ni ìtìjú mi ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán.

Àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọn kì í kàn sọ̀rọ̀ ni. Ọkọ̀ èrò á kún fọ́fọ́, kò ní sí ẹni tó máa wo ojú ẹnìkejì. Lọ́jọ́ kìíní mo wọlé, mo kí gbogbo wọn káàárọ̀ lápapọ̀, bí a ṣe ń ṣe é nílé. Ńṣe ni gbogbo orí yí padà bí ìgbà tí ẹni tó fẹ́ gba owó ọkọ̀ wọlé. Ọkọ mi lọ dúró lápá ẹ̀yìn bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Oúnjẹ alẹ́ wọn ńkọ́? Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Búrẹ́dì dúdú tó le, wàràkàṣì, àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n rẹ sínú omi kíkan. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọwọ́, mo wá jókòó, mo ń retí oúnjẹ.

Ìyá àgbà kan ń gbé lókè wa, òun nìkan ló ń kí mi. Ó gbé kéèkì kan wá fún wa, ó fi èso tó jọ ìyeyè sí i lórí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Mo bu ẹ̀gúsí tí mo gbé láti ilé sínú abọ́ náà, ẹ̀gúsí tí mo fi ọwọ́ ara mi bó. Lọ́jọ́ kejì mo gbójú sókè, mo rí i tí ìyá náà dà á sẹ́nu wíńdò fún àwọn ẹyẹ. Ó rí mi, ó juwọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi àwọn ẹyẹ náà hàn mí. Mo juwọ́ padà. Mo wọlé, mo sunkún nítorí ẹ̀gúsí.

Ibo layé yín wà?

Ọkọ mi ní ká lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gba owó orí, kí wọ́n lè kọ mí mọ́ àwọn tó ń gbé nílùú, kí wọ́n sì ka àwa méjèèjì sí agbo ilé kan. Ní ilé wa níbí, owó orí ni ohun tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù tíṣà kó tó rí i, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń múra lọ bá. Níbẹ̀ ẹ̀wẹ̀, wọ́n gbé àga fún wa, wọ́n bu omi fún wa. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló dá wa lóhùn. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní.

Ó ní èèyàn lè ní ibi méjì tó ń sùn sí, ṣùgbọ́n ìlú kan ṣoṣo ni ayé rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìlú yẹn ló yẹ kó mọ gbogbo ohun tó ń wọlé fún un, ì báà jẹ́ ní òkè òkun ló ti ń wá. Ó wá yíjú sí mi. "Ní tiyín, ìyáàfin, ibo ni?"

Mo dáhùn láìronú. Mo ní, "Ìgbó-Ọrà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá mi sí. Ibẹ̀ ni oko kajú tó fi sílẹ̀ fún mi wà. Ibí yìí, ilé ọkọ ni mo wá."

Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ti pẹ́ jù, ọkùnrin náà ti ń kọ ọ́. Ta ni nínú yín tí ì bá dáhùn lọ́nà mìíràn? Obìnrin tó ti lo ogójì ọdún nílé ọkọ ní Ayétẹ̀, tí ẹ bá bi í, ilé bàbá rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi kò ní sẹ́ bàbá mi lójú àjèjì nítorí omi tútù tó bù fún mi.

Ọkùnrin náà tún gbìyànjú. Ó ní ṣé mo ní i lọ́kàn láti máa gbé ibẹ̀? Mo ní, "Inṣá Allah." Ó bi ọkọ mi pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìyẹn àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí èmi fúnra mi sọ ọ́. Mo tún ní, "Inṣá Allah." Ẹnu ọmọ Mùsùlùmí kì í gé ọ̀la lulẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ọkọ mi kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo.

"Ràfí, o ti kó bá mi."

"Bọ̀dá, kí ni mo ṣe?"

"Torí pé o jẹ́ ìyàwó mi ni wọ́n ṣe jẹ́ kó o wọ ìlú. O wá jókòó níwájú wọn, o ní o ò gbé níbí. Kí ni kí wọ́n rò?"

Ohun tí wọ́n rò náà dé láìpẹ́. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò ní ká wá, kí wọ́n bi wá ní ìbéèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìgbéyàwó wa jẹ́ òótọ́. Tí ìdáhùn wa kò bá bára mu, wọ́n lè gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ mi, kí n sì máa bọ̀ nílé. Ojú mi wá là. Ta ni n ó ṣàlàyé fún ní Ìgbó-Ọrà? Ẹni tí wọ́n bá dá padà láti ìlú òyìnbó, ẹjọ́ olè tàbí ẹjọ́ àgbèrè ni wọ́n máa dá fún un kó tó sọ báàgì kalẹ̀.

Yàrá méjì

Wọ́n mú ọkọ mi gba ibì kan, wọ́n mú mi gba ibòmíràn. Obìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló kọjú sí mi, ó fún mi ní tíì, ó ní kí n má bẹ̀rù. Àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn. Kí ni ọkọ mi ń jẹ láàárọ̀? Apá ibo ni ó ń sùn sí lórí ibùsùn? Ṣé ó máa ń hanrun? Mo gba gbogbo rẹ̀, mo tiẹ̀ ti ń gbéra ga díẹ̀.

Ó wá ní kí n dárúkọ àwọn àbúrò ọkọ mi.

"Ìbàdíàrán, Akọ̀wé, àti Ọkọ-mi-kékeré."

Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wo ojú mi. "Ọkọ yín dárúkọ Múlíkátù, Tàófíìkì àti Ràṣíìdì."

"Àwọn náà ni."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

Mo ṣàlàyé fún un pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, kódà kó jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni. Ó máa fún un ní orúkọ mìíràn, orúkọ ẹ̀yẹ. Ó bi mí pé kí ló dé? Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní àṣà ilẹ̀ wa, n kò rí nǹkan kan sọ ju pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ní ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ wọn gan-an? Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ni kò gbà á. Ó ní kí n gbìyànjú. Mo dorí kodò, mo dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bú wọn.

"Ó dáa. Ìyá ọkọ yín ńkọ́?"

"Màmá ni mo ń pè wọ́n."

"Orúkọ wọn."

Ẹ̀yin ará ilé, mo la ẹnu, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnu mi kọ̀ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. N kò mọ̀ ọ́n ni. Obìnrin tó bí ọkọ mi, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ooru bò mí nínú òtútù ìlú yẹn. Mo bẹ obìnrin náà pé kó jẹ́ kí n pe ilé, ó sì gbà.

Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọ́kọ́ pe ìyá tó bí mi.

"Kí lo fẹ́ fi orúkọ ìyá ọkọ ṣe? Ṣé ẹ ti jà ni?"

"A ò jà, Ìyá. Ìjọba ló ń bèèrè."

"Ìjọba wo ló ń bèèrè orúkọ arúgbó? Ìyá Gàní lèmi mọ̀. Lọ́jọ́ ìdána, Ìyá Gàní ni gbogbo èèyàn ń pè é."

"Orúkọ gidi ni wọ́n ń fẹ́."

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. O ò sì gbọdọ̀ bi í! Wọ́n á ní mi ò kọ́ ẹ nílé."

Mo bi í náà. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbé fóònù, mo gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán yẹn.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ forí jì mí, mo fẹ́ bi yín ní ohun tí kò yẹ kí n bi yín."

"Bèèrè, ìyàwó mi."

"Ìjọba ibí ló ń bèèrè. Kí lorúkọ yín?"

Ó ní káwọn obìnrin náà dákẹ́ ná.

"Ọmọ mi kò sọ fún wọn ni?"

"Yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ọmọ yín sí, Màmá. Èmi ni wọ́n ń bi. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Bàbá Gàní gan-an, ọjọ́ tí mo bímọ ló ti jáwọ́ ńbẹ̀."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Ó sọ orúkọ tí àfáà sọ ọ́, ó sọ oríkì rẹ̀, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀. N kò ní kọ wọ́n síbí, ìyàwó ilé ṣì ni mí. Ó ní kí n sọ ọ́ kóun gbọ́. Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní ohùn mi ò jáde. Mo pe ìyá ọkọ mi lórúkọ ketekete sí òun fúnra rẹ̀ létí, lórí ìkúnlẹ̀, ọkùnrin kan tó gbé fáìlì dání sì yà fún mi kó tó kọjá.

"Ó dáa," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa o."

Mo padà wọlé. Kí n tó sọ̀rọ̀, obìnrin náà yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ó rí i pé mo ti làágùn, ó sì fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Orúkọ tó wà nínú ìwé ọkọ yín láti ọjọ́ tó ti dé nìyí, òun náà ló sì tún sọ lónìí. Ṣé òun ni?"

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, lápapọ̀, bí orúkọ èèyàn kan ṣoṣo: Ìyágàní.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Tí mo bá sọ orúkọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ìdáhùn wa kò bára mu nìyẹn, lórí orúkọ ìyá pàápàá. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé ọkọ mi wò, ìwé tó fi di ọmọ onílùú. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tán.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ìyágàní ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ náà dùn létí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọkọ mi ń dúró dè mí níta. "Kí lo sọ fún wọn nípa Màmá?"

"Ohun tí ẹ sọ fún wọn náà ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tí mo dé, ẹni tó ń kọ ọ́ bi mí ní orúkọ ìyá mi. Ìyá Gàní ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pè wọ́n látìgbà tí mo ti dáyé."

"Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ orúkọ wọn?"

Ó ń wo ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà wá. Kò bi mí bóyá èmi mọ̀ ọ́n. Mo káàánú rẹ̀, inú sì bí mi sí i, ojú sì tì mí fún àwa méjèèjì.

Ìlú méjì

Wọ́n kọ mí mọ́ àwọn ará ìlú. Ọ́fíìsì owó orí gbà pé ibẹ̀ layé mi wà. Lọ́dọọdún, mo máa ń sọ ohun tí oko kajú mú wá fún wọn, bó ti wù kó kéré mọ. Nínú ìyẹn n kò pa irọ́ kankan.

Jíjẹ́ ọmọ onílùú ló kù. Ìjọba ibẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ wọn ní ìlú méjì, ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ ti ilé. Ọkọ mi ti jọ̀wọ́ tirẹ̀ tipẹ́, ó sì fẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wálé ná.

Ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, èmi tò síbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń tò sí, òun tò sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Mo ti kọjá, mo dúró dè é. Mo ń gbọ́ ọmọkùnrin tó ń yẹ ìwé rẹ̀ wò tó ń fi Yorùbá bá a ṣàwàdà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà tún ń gba físà! Ọ̀dọ̀ ta lẹ ń lọ ní Nàìjíríà?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín jù. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ ìyá mi." Ọmọkùnrin náà ní, "Orúkọ wọn ńkọ́, sà?" Bóyá eré ló ń ṣe o. Mo yíjú síbòmíràn kí n má baà gbọ́ èsì.

Ẹ ti mọ̀ báyìí ìdí tí n kò fi tíì pààrọ̀ ìwé. Tí ẹ bá bi mí láwùjọ, n ó ní nítorí oko kajú ni.

Ẹ̀rúwà

Ọ̀sán la wọ Ẹ̀rúwà. A kò tíì bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò tí àwọn obìnrin agboolé fi tú jáde. Ìyá ọkọ mi ló ṣíwájú, ó wé gèlè tuntun, ó ń rìn bí ẹni tí ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pe orúkọ kan, wọ́n ń kì í. Wọ́n á pè é, á jẹ́. Wọ́n á tún pè é, á tún jẹ́.

Ìyá kan gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ìyàwó, o ṣeun. Ìwọ lo jẹ́ ká mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa ní orúkọ nílùú òyìnbó. Ọjọ́ tó o pè é yẹn ló ti ń sọ ọ́ fún wa."

Ọkọ mi gbé báàgì dání, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn. Ó tẹ̀ sí mi létí.

"Ràfí, ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Màmá yín ni."

Ó rọra sọ báàgì náà kalẹ̀. N kò lè wò ó lójú.

Mo tẹ̀ lé Màmá wọ yàrá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mo ní orúkọ tó fún mi, n kò lò ó. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń gbọ́.

"Kí ni wọ́n wá kọ?"

"Ìyágàní, Màmá."

"Lápapọ̀?"

"Lápapọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Níta, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ké pè é, ó pe orúkọ náà mọ́ oríkì. Ó nà ró, ó dáhùn, ó ní òun ń bọ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Má sọ fún wọn," ni Màmá wí. "Jẹ́ kí wọ́n máa pè mí."